Nímọ́tà àti Àwọn Ọmọ Tí A Kò Kà

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú Nímọ́tà, kó sọ fún un pé kò gbọ́ Hausa dáadáa. Kabala Doki, ní ìlú Kaduna, ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló wá láti Ìlọrin, alfa tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Kùránì lábẹ́ igi dóńgóyárò lójúde ilé wọn. Nínú ilé, Yorùbá ni. Bí Nímọ́tà bá ti ta ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, Hausa ni títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn Hausa fúnra wọn máa ń bi í pé ọmọ ilé ta ni ní Zaria, yóò sì fi ìbéèrè yẹn yangàn sí wa fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi náà á ní, "Ìyá Ameerah, ṣé wọ́n tún ti sọ yín di ọmọ Zaria ni?" Yóò ní kí n lọ jókòó jẹ́ẹ́, pé ọmọ Èkìtì tí wọ́n bí sí Kaduna, tí kò lè ná ata ní Kawo láì fi ọwọ́ júwe, kò yẹ kó lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Èmi ni Folúṣadé Dáramọ́lá. Nímọ́tà fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, "ẹ̀yin" ni mo sì máa ń pè é lójúkojú, ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọ "wọ́n, wọ́n" kiri inú ìwé yìí, ẹ ò ní mọ ẹni tí mò ń sọ mọ́, kó foríjì mí. A ti jọ ń ṣiṣẹ́ oògùn ibà ọjọ́ ti pẹ́. Òun ló ń fún ọmọ ní oògùn, èmi ni mò ń kọ orúkọ. Lónìí òun ló ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ náà, àwọn ènìyàn sì ń yìn ín káàkiri Kaduna bí ẹni pé kò ṣe àṣìṣe rí. Ìyìn náà ń bí i nínú. Òun ló ní kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Rúgà Sámbò sílẹ̀, pé bí n kò bá kọ ọ́, òun máa kọ ọ́ fúnra òun.

Aṣọ iléèwé ni Nímọ́tà ń rán jẹun, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá gáréèjì Kawo. Jàmàlúdéènì ọkọ rẹ̀ ń wa mọ́tò láti Kawo lọ sí Zaria. Nígbà tí Nímọ́tà wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ibà mú àbúrò rẹ̀, Abdulraheem, ọmọ ọdún mẹ́ta. Wọ́n rán an pé kó sáré lọ ra oògùn. Nígbà tí yóò fi padà dé, omi tí wọ́n fi wẹ òkú ló bá tó ń ṣàn jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún mi, n kò sì bi í mọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí òjò bá ti dé, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ á wọ aṣọ ìbora, òun á gbé àpò oògùn kọ́ èjìká. Láti oṣù keje títí di oṣù kẹwàá ni àwọn ẹ̀fọn ń ṣe ọdún tiwọn. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, a ó lọ láti ilé dé ilé, a ó fún gbogbo ọmọ tó ti kọjá oṣù mẹ́ta tí kò sì tíì pé ọdún márùn-ún ní oògùn. Kì í ṣe ọmọ tó ń ṣàìsàn ni a ń fún o. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni, kí ibà má baà rí ibi wọlé. A ó po oògùn ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́ omi nínú ife, ọmọ á mu ún níṣojú wa, a ó sì dúró fún ààbọ̀ wákàtí, bóyá yóò bì í. Tọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, ìyá ọmọ ni yóò fún un. Ilé tí a bá ti ṣe tán, a ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2022 ni wọ́n rán wa sí Rúgà Sámbò, agbo ilé àwọn Fúlàní tó wà lẹ́yìn Barakallahu. Kẹ̀kẹ́ já wa sílẹ̀ níbi tí ọ̀dà pin sí, a sì fẹsẹ̀ rìn fún bíi wákàtí kan láàárín ọkà bàbà. Koríko ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé tó wà níbẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn tí ṣọ́ọ̀kì lè kọ. Nímọ́tà kò wulẹ̀ dààmú. Ó yọ àjákù aṣọ iléèwé aláwọ̀ búlúù láti inú àpò, ó fà á ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ilé tí a bá sì ti ṣe tán, á so ọ̀kan mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́ lóminú. Wọ́n ní kí a ka àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ. Ó ní òun kò ní máa na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ kí òun máa ka ení, èjì, bí ẹni ń ka iṣu. Ó bá dá ọgbọ́n tirẹ̀: yóò dé iwájú ilé kọ̀ọ̀kan, yóò kí ìyàwó ilé dáadáa, yóò wá sọ pé, "Mú àwọn ọmọ rẹ wá, kí n fún wọn ní oògùn." Ìyá á kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, èmi á kọ orúkọ, a ò ní ka ẹnikẹ́ni. Ó dùn mọ́ àwọn obìnrin náà, wọ́n ń fún wa ní wàrà mu. Àwọn ìyá àgbà jókòó lọ́tọ̀ síwájú ilé tiwọn. A kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ṣàdúrà fún wa, a sì kọjá lọ. Kí la fẹ́ fi oògùn ọmọ ọdún márùn-ún ṣe ní ilé ẹni tó ti bímọ tán láti ogún ọdún?

Níwájú ilé kan ni a ti bá Ilham pàdé. Kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀. Nímọ́tà ní kó mú àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Babu," pé kò sí. Nímọ́tà béèrè ọdún tó ti wọlé ọkọ, ó ní ọdún márùn-ún. Àánú ṣe Nímọ́tà débi pé ó gbé àpò oògùn sílẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un ní Hausa àti Lárúbáwá, pé kí Ọlọ́run ṣí inú rẹ̀, kí ọmọ ké ní ilé rẹ̀ kí ọdún tó yí po. Àwọn obìnrin yòókù fa ìborùn bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Inú bí Nímọ́tà gidigidi. Ó yíjú sí wọn, ó ní ẹni tó ń fi àgàn rẹ́rìn-ín kó rántí pé òun náà kò fi owó ra ọmọ. Ilham fa ìborùn tirẹ̀ bo ẹnu, ó sì dúpẹ́.

Ní oṣù kẹjọ, Nímọ́tà gbé omi hàǹtú dání fún Ilham, ẹsẹ̀ Kùránì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kọ sí wàláà tó sì fi omi fọ̀ sínú ìgò, kó máa mu ún láàárọ̀ kó lè rí oyún ní. Ilham kúnlẹ̀ gbà á, ọwọ́ méjì. Nígbà tí a ń padà bọ̀, Nímọ́tà kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn ju ti ọmọdébìnrin yẹn lọ títí a fi dé Kawo. Ọ̀gá wa, Gbọ́láhàn, wo fọ́ọ̀mù tí mo kọ, ó ní kò sí ibi tí iṣẹ́ pé bíi ti Rúgà Sámbò, kò ku ọmọ kan. Ó fi fọ́tò àwa méjèèjì sórí Wásáàpù. Mo fi han gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Oṣù kẹsàn-án ni ojú wa là. Nígbà tí a dé, a kò rí obìnrin kankan níbi tí wọ́n ti máa ń dúró dè wá. Wọ́n pé jọ sí iwájú ilé ìyá ọkọ Ilham, arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Inna. A wọlé. Ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́rin wà lórí ẹní, gìrì ti mú un. Ojú rẹ̀ ti yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń fà, ara rẹ̀ gbóná tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ṣe ni mo yára fa ọwọ́ mi padà. N kò rí ọmọ yìí rí. Oṣù mẹ́ta ni a ti ń wá síbẹ̀, n kò rí i rí.

Nímọ́tà bi Inna pé, "Ọmọ ta nìyí?"

Inna ní, "Tèmi ni."

Nímọ́tà wo ewú orí rẹ̀, kò bá a jiyàn. Ọkùnrin kan ní alùpùpù. Nímọ́tà jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà, Inna jókòó sẹ́yìn Nímọ́tà, wọ́n sì lọ. Èmi bọ́ sọ́nà láti fẹsẹ̀ tẹ̀lé wọn. Ilham, tó ti kọ ẹ̀yìn sí ilé náà láti ìgbà tí a ti dé, tó ń fọ igbá kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ju igbá náà sílẹ̀ ó sì ṣáájú mi. Kò wọ bàtà. Ó ń sáré, kò bojú wẹ̀yìn. Mo rò pé onínúure ni, pé ó ń sáré nítorí ọmọ tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń tọ́. Mo tiẹ̀ ń sọ lọ́kàn mi pé Ọlọ́run á wo irú ọkàn yìí, á sì fún un ní tirẹ̀.

A wọ kẹ̀kẹ́ níbi tí ọ̀dà pin sí, a sì bá wọn ní ọsibítù kékeré kan ní apá Kawo. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Sarah ti gún ọmọ náà níka, ó ti rí i pé ibà ni, ó sì ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Inú àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà funfun. Sarah ní àwọn nílò ẹ̀jẹ̀ kíákíá, ó sì nílò ìyá ọmọ.

"Èmi ni," Inna wí.

"Màmá, mi ò ní àkókò. Ta ló bí i?"

Ilham fara ti ògiri, ó fi ìborùn bo ojú. Nọ́ọ̀sì tún béèrè, ó ní ẹni tó bí i ló máa sọ bóyá ó ti gba ẹ̀jẹ̀ rí, bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kò gbà. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó fi arúgbó lọ́rùn sílẹ̀. Bí mo ṣe ya ẹnu ni gìrì tún mú ọmọ náà, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ilham sọ pé, "Iman."

Kò pariwo. Ó kúrò níbi ògiri, ó la àárín wa kọjá, ó di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú. Ó ní, "Iman. Èmi ni mo bí i. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ mi." Inna fi ọwọ́ bo ojú ara rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ṣèèṣì rí ìhòòhò ọmọ ẹni.

Nímọ́tà wò mí. "Ṣadé, kí ló sọ?" Nímọ́tà ọmọ Kabala Doki, tí wọ́n ń pè ní ọmọ Zaria, ń bi èmi tí n kò lè ná ata, pé kí ni Hausa sọ. Mo sọ ọ́ fún un ní Yorùbá. Ó jókòó sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì níbi tó wà.

Ìta ni Inna ti là á yé wa, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ Ilham bá ti ọmọ mu, tí wọ́n sì ti ń fà á sí i lára. Ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ojú ń tì fún wa. Ó ní obìnrin kì í pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀. Kì í gbé e jó lójú ènìyàn, kì í tọ́ka sí i pé tèmi nìyí, bí wọ́n bá sì bi í ní iye ọmọ tó bí, kò ní ka èyí mọ́ ọn. Bí ọmọ náà bá ti já lẹ́nu ọmú, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló ń lọ gbé. Kúnyà nìyẹn, ìtìjú tó ń fi ọmọlúàbí hàn. Ó bi Nímọ́tà pé, "Ṣé ẹ̀yin kò mọ kúnyà ni?"

Nímọ́tà mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tó fi ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin wí lójoojúmọ́ ni. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe wá sí wa lọ́kàn? Níbi tí àwa ti wá, orúkọ àkọ́bí ni orúkọ ìyá. Láti ọjọ́ tó ti bí Ameerah, kò sẹ́ni tó tún pè é ní Nímọ́tà mọ́ ní àdúgbò, Ìyá Ameerah ni. A kò lè rò ó láéláé pé ibì kan wà láyé tí ìyá yóò ti sọ pé òun kò bímọ, nígbà tí ọmọ rẹ̀ jókòó sí ilé kejì tó ń gbọ́ ọ.

Nímọ́tà ní, "Mo ṣàdúrà fún un. Ṣadé, mo gbé omi hàǹtú fún un. Oògùn wà lọ́wọ́ mi, ọmọ ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí mi lọ, àdúrà ni mò ń ṣe pé kí Ọlọ́run fún un ní ọmọ." Ó tún un sọ bíi ìgbà mẹ́ta. Èmi, inú ló ń bí mi. Mo bínú sí ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù, mo bínú sí Gbọ́láhàn àti Wásáàpù rẹ̀, mo bínú sí àwọn obìnrin tó ń fi ìborùn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bínú tán ni mo rántí ẹni tó ń kọ orúkọ.

Iman lajú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó béèrè wàrà. A kò dúró láti yọ̀. Nímọ́tà ní ìbéèrè kan ń ta òun lọ́kàn, òun kò fẹ́ mọ ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n a ní láti lọ. Èmi náà mọ ìbéèrè náà. Ṣé Ilham nìkan ni?

Nígbà tí a dé Rúgà Sámbò, kò yà sí ọ̀dọ̀ àwọn ìyàwó. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà ló lọ tààrà, ó kúnlẹ̀, kò dárúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, àwọn wo ló ń jẹun nínú igbá yín? Àwọn wo ló ń sùn tì yín?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọ̀kan láti ẹ̀yìn ẹní, méjì láti ibi tí wọ́n ń so ọmọ màlúù mọ́, ọ̀kan tó ń fa ìrù ewúrẹ́. Arúgbó kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ tì wọ́n síwájú. Lọ́jọ́ yẹn, Nímọ́tà kà wọ́n. Ó na ìka sí wọn ní gbangba, ó ń ka ení, èjì, kò bìkítà fún a kì í ka ọmọ f'ọ́lọ́mọ mọ́. Mẹ́rìnlá ni. Ọmọ mẹ́rìnlá tí kò tíì fẹnu kan oògùn láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ní ibi tí fọ́ọ̀mù mi sọ pé kò ku ọmọ kan. Àwọn ìyá wọn dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń wo igi, wọ́n ń wo màlúù, wọn kò wo ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn arúgbó tò, oníkálukú pẹ̀lú ife rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Nímọ́tà ń po oògùn, ó ń fún wọn mu, èmi ń kọ. Ẹni tó dúró kẹ́yìn ni ìyá kan tí gbogbo wọn ń pè ní Kaka, tó ti darúgbó ju àwọn yòókù lọ. Ó di ife mú. Kò sí ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nímọ́tà ní, "Kaka, tiyín dà?"

Ó ní, "Ó ti lọ." Ó ní ọkùnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí a wá ní oṣù kẹjọ ni ara rẹ̀ gbóná, wọ́n sì sin ín ní ọjọ́ Jímọ̀. Ìyá rẹ̀ kò sunkún lójú ènìyàn, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó sọ fún wa. Nímọ́tà béèrè ìdí tó fi wá tò. Ó ní òun rí i pé a ń pe àwọn tó ń tọ́ ọmọ, òun náà sì tọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ló bi Nímọ́tà, jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà, pé, "Bí ẹ bá bi mí ní oṣù àkọ́kọ́ tí ẹ wá, ṣé ẹ̀ bá fún ọmọ náà ní oògùn?"

Mo ti ń wá irọ́ tí a lè pa. Èmi ìbá ní Ọlọ́run ló mọ̀, èmi ìbá ní àkókò rẹ̀ ló pé. Nímọ́tà gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Hausa tí a fi ń tu ènìyàn nínú, kò sì lo ọ̀kankan nínú wọn. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ́n, Kaka. À bá fún un."

Arúgbó náà mi orí pé ó ti yé òun. Ó fún ìyá tó wà níwájú rẹ̀ ní ife ọwọ́ rẹ̀, nítorí pé ife tìyẹn ń jò, ó sì padà sí ilé rẹ̀.